Ezekiel Fáníyì àti Ìsinmi Ìyàwó Rẹ̀ Létí Òkun

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni Ezekiel Fáníyì. Bí kì í bá ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò ní fi ẹnu mi kàn án. Ọmọ Emùré ni, ṣùgbọ́n Ìkẹ́rẹ́ ló ti wá fẹ́ Rachael ẹ̀gbọ́n mi, Ìkẹ́rẹ́ náà ló sì jókòó sí, nínú ilé tí bàbá wa kọ́, tó ń pè ní "ilé mi" lójú gbogbo ayé. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ṣe akọ̀wé ní Àkúrẹ́, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé fáìlì láti yàrá kan lọ sí yàrá kejì, kó sì dúró títí wọn á fi fọwọ́ sí i. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni nígbà náà. Télọ̀ ni mí, bí ojú mi ò bá sì ríran dáadáa mọ́ nírọ̀lẹ́, òun ló máa ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn.

Ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni nǹkan bàjẹ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Èkìtì kó ẹrù kúrò ní Àkúrẹ́ wá sí Adó. Àga pọ̀ níbẹ̀ ju ìdí tó máa jókòó sí i lọ, ẹni tó bá sì ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé gòkè. Bí Ezekiel ṣe di igbákejì dáírẹ́tọ̀ nìyẹn. Igbákejì ni o. Ṣùgbọ́n kó tó ti Adó dé Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, "igbákejì" ti já bọ́ sójú ọ̀nà, ó ku "dáírẹ́tọ̀" nìkan.

Láti ọjọ́ náà lọ, ọrùn rẹ̀ kò yí mọ́. Bó bá fẹ́ wọ takisí láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó, ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ jókòó sí, níbi tí àwọn ọ̀gá máa ń jókòó sí nínú mọ́tò tara wọn. Bí ìyá àgbà kan bá ti jókòó síbẹ̀, á dúró kí takisí mìíràn dé. Ẹni mẹ́ta mìíràn á sì wọlé tì í, wọn á fún un mọ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì lórí itan, òun á sì gbé àgbọ̀n sókè, á máa wo ìta bí ẹni tí mọ́tò náà jẹ́ tirẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, báàgì awọ tó fi ń lọ sí ọ́fíìsì ló ń gbé lọ síwájú láti lọ ju owó ọrẹ. Adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti ìkíni. Àwa Èkìtì, "ùwọ", ìyẹn "ìwọ", la ń pe ara wa, àtọmọdé àtàgbà, kò sì sí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀. Ezekiel ní òun ò gbọ́ "ùwọ" mọ́ láéláé. Ó ní kí èmi tí mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ní ṣòkòtò kan ṣoṣo máa kí òun ní "ẹ̀yin, sà". Nítorí náà ni ẹ ṣe rí i tí mò ń pè é ní "ó" báyìí. "Wọ́n" tí mo ní, mo tọ́jú rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Rachael yàtọ̀ sí i pátápátá. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, kì í pariwo, kì í jà, ó sì ti sin ọkùnrin yìí débi tí ìsìn náà ò hàn sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ọdún kejì tí ìpínlẹ̀ wa di ìpínlẹ̀, ìju, kókó inú ilé ọmọ tó ti ń bá a fínra látọjọ́ pípẹ́, wá dá a wólẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọsibítù kan ní Adó. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀, dókítà pe èmi àti Ezekiel sí kọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó dà nù pọ̀ jù, ojú ọgbẹ́ náà kò sì tíì lágbára. Ó ní kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù, kò gbọ́dọ̀ gúnyán, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Ó ní bí ojú ọgbẹ́ náà bá fi lè là, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun á tún rí i dì. Ezekiel mi orí, ó ní "noted". Mo gbọ́ ọ létí ara mi.

Ẹniọlá, ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Èkó, ló ní Ìkẹ́rẹ́ kọ́ ni ìyá òun ti máa rí ìsinmi. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá wá kí aláìsàn nílé wa, aláìsàn ló máa dìde fi oúnjẹ ṣe é lálejò. Ọmọ náà gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun, ní apá Àgbádárìgì, ó ní kí n tẹ̀lé ìyá òun lọ, kí n máa wẹ̀ ẹ́, kí n máa fọṣọ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ìyá òun máa ṣe níbẹ̀ ni kó jókòó kó máa wo omi.

Ezekiel gbọ́, ó ní aya dáírẹ́tọ̀ kì í dá sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó di ẹrù. Agbádá ló pọ̀ jù nínú ẹrù náà, pẹ̀lú báàgì awọ rẹ̀. A ò mọ̀ pé kó tó kúrò nílé, ó ti rán awakọ̀ kan sí àwọn ará Emùré tó wà ní Èkó pé dáírẹ́tọ̀ ń bọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì létí òkun, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá a sọ máa bọ̀.

Hòtẹ́ẹ̀lì náà dára, mi ò lè parọ́. Igi àgbọn yí i ká, wọ́n kọ́ àtíbàbà kéékèèké sórí yanrìn, àga tí èèyàn lè nà gbalaja sí wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ẹfun ya òkun sójú pátákó fún ọmọ ilé-ìwé láìmọye ìgbà, kò sì fojú rí i rí. Nígbà tó kọ́kọ́ rí i, ó di apá mi mú.

"Bíà," bó ṣe máa ń gé Beatrice orúkọ mi kúrú nìyẹn, "éè dákẹ́ rárá?"

Mo ní bóyá ó máa dákẹ́ tó bá di alẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún yára fọwọ́ di inú mú nítorí ẹ̀rín náà dùn ún. Ọjọ́ náà, ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kò béèrè oúnjẹ, kò béèrè ẹnì kankan. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, mi ò rí i kí ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn náà ló rí gbádùn.

Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe jẹun àárọ̀ tán, Dáraọlá dé. Mọ̀lẹ́bí Ezekiel ni, ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Èkó. Ìkókó ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìyàwó wọ ilé wọn ní Emùré, kí wọ́n tó kó wá sí Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ló ń sùn, òun ló ń nu ikun imú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó ló sì jẹ́ nìyẹn, ìkúnlẹ̀ la fi ń kí ọkọ. Mo rí i tí Rachael ń gbé ara kúrò lórí àga. Mo na ọwọ́ láti dá a dúró, Ezekiel sì ranjú mọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kan di inú mú, ó fi ọwọ́ kejì ti ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn fún ọmọ tó pọ̀n.

"Ọkọ mi, káàbọ̀ o. Ulé ńkọ́?"

Dáraọlá ní ilé wà. Kò mọ nǹkan kan. Ó ti ń na ìwé ẹ̀rí àbúrò rẹ̀ sí Ezekiel, ó ní àwọn gbọ́ pé wọ́n ń gba tíṣà ní Adó. Ezekiel gbà á láìwò ó, ó tì í sínú báàgì awọ. Ó wá sún ẹ̀yìn, ó ní, "Iṣẹ́ náà ló pọ̀ jù. Ìjọba fúnra wọn ló ní kí n wá sinmi níbí."

Nígbà tí àlejò lọ, mo bi í léèrè pé ìjọba wo. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún Dáraọlá pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la inú ìyàwó rẹ̀ ni.

"Beatrice," ó ní, "ṣé kí n wá máa ka ọ̀rọ̀ inú obìnrin fún àwọn èèyàn ni? Ipò mi ni wọ́n wá bá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àìsàn la bá wá, wọn á kàn kí i, wọn á máa lọ ni."

Ó sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, ojú ò sì tì í. Ìyàwó rẹ̀ ló ni ọgbẹ́, ọmọ rẹ̀ ló gba yàrá, òun wá ji ìsinmi náà gbé, ó fi ń ṣe fáàrí. Mo yíjú sí Rachael. Ó ní kí n má dá a lóhùn, pé àlejò ọjọ́ kan péré ni.

Àlejò ọjọ́ kan kọ́. Láti ọjọ́ náà, bí eṣú ni wọ́n ń ya wá. Ọmọ Emùré tí kò wálé fún ọdún tuntun wá sétí òkun. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ fún ọmọ wá, ẹni tó fẹ́ gba kọ́ńtíráàtì àga ilé-ìwé wá, ẹni tí kò wá nǹkan kan náà wá nítorí ó gbọ́ pé àwọn yòókù ń lọ. Ezekiel jókòó lábẹ́ àtíbàbà nínú agbádá, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, ó ń ṣèlérí fún wọn lọ́tùn-ún lósì. Igbákejì dáírẹ́tọ̀ tí kò lè gba àga tuntun fún ọ́fíìsì ara rẹ̀ ń fún èèyàn níṣẹ́! Ó ní àlejò òun kì í jẹ ìrẹsì hòtẹ́ẹ̀lì nínú àwo pẹlẹbẹ, kí n lọ ra iṣu. Mo bẹ àwọn alásè hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n fún mi láyè lẹ́yìn ilé ìdáná wọn, mo ń sè, mo ń gún, inú ń bí mi, odó ló sì ń jìyà ìbínú náà. Mo rò pé bí mo bá ṣe iṣẹ́ náà tán, ẹ̀gbọ́n mi á bọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé oúnjẹ sílẹ̀ báyìí, Ezekiel á ní, "Ìyàwó wa dà? Kó wá gbé omi fún àwọn ọkọ rẹ̀."

Rachael á tún kúnlẹ̀. Á kúnlẹ̀ kí wọn nígbà tí wọ́n dé, á kúnlẹ̀ gbé omi, á kúnlẹ̀ sìn wọ́n sọ́nà. Mi ò bá àwọn àlejò jà, wọn ò mọ̀. Àwọn míì tilẹ̀ ń yìn ín pé ìyàwó dáírẹ́tọ̀ kò gbéraga. Òkun ń ké níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀yìn la kọ sí i.

Lọ́jọ́ kan, mò ń kó aṣọ jọ láti fọ̀, mo rí ìró ẹ̀gbọ́n mi tó ká mọ́ ìsàlẹ̀ ẹrù. Mo tú u. Ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe díẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ojú ọgbẹ́, ó kọ́kọ́ kọ̀, nígbà tó gbà, mo rí i pé etí rẹ̀ kan ti ń là bí ìgbátí aṣọ. Mo sáré lọ sí iwájú hòtẹ́ẹ̀lì pé kí wọ́n bá mi tẹ Ẹniọlá láago, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, láìnì ò wọlé. Mo wá lọ bá Ezekiel. Mo tẹ́ ìró náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì awọ.

Ó wò ó, ó fi ìka kan tì í sẹ́yìn kó má kan agbádá rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Lọ́la ni Bàbá Ọlábọ̀dé ń bọ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ Emùré. Alága wa ni. Kó fara dà á dọ̀la, lẹ́yìn náà kó máa sùn bó ṣe wù ú."

Mo wo ẹnu tó fi sọ ọ́. Òun náà ni ẹnu tó fi sọ "noted" fún dókítà. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà débi tí ọwọ́ mi fi ń yún mi, bí kì í bá ṣe ti Rachael, ǹ bá ti fi ìró ẹlẹ́jẹ̀ náà nà án lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ròyìn ọ̀rọ̀ Ezekiel fún ẹ̀gbọ́n mi, mi ò dín in, mi ò fi kún un. Mo ń dì í ní báńdéèjì lọ́wọ́.

"Ó rí ẹ̀jẹ̀ náà?" ó bi mí.

"Ó rí i. Ó fọwọ́ tì í."

"Ó ní kí n fara dà á?"

"Dọ̀la, ó ní."

Ó ní kí n mú àga kékeré kan, kí n mú òun lọ sétí omi. Mo ní ṣé ibẹ̀ ò jìn. Ó ní kò jìn. A rọra lọ, mo gbé àga náà kalẹ̀ níbi tí omi ti ń wá tó sì ń padà, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sínú omi.

Bàbá Ọlábọ̀dé dé pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn, ọkùnrin àti obìnrin, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan kún. Àgbàlagbà ni bàbá náà, wọ́n ti ṣiṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìntì, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Dáraọlá wà lára wọn. Ezekiel ti wọ agbádá tó funfun jù, ó dọ̀bálẹ̀ ìlàjì, ó tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìjọba tó ní kó wá sinmi. Nígbà tó ṣe, ó wò yíká.

"Ìyàwó wa dà? Rachael! Wá kí bàbá o!"

Ẹ̀gbọ́n mi ò mira. Ó tún pè, ó tún pè. Ó ní kí n lọ pè é wá, mo ní kó lọ fúnra rẹ̀. Bó ṣe gba orí yanrìn lọ nìyẹn, bàtà rẹ̀ ń rì, atẹ́gùn òkun ń gbé agbádá bò ó lórí, ó ń já a kúrò lójú, atẹ́gùn tún ń gbé e padà. Àwọn àlejò tẹ̀lé e, wọ́n rò pé ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ àga sí.

"Rachael! Ṣé o ò rí àwọn ọkọ rẹ ni?"

Ọrùn nìkan ló yí sí wọn.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọkọ mi," ó ní. "Ẹ má bínú sí mi, mi ò ní kúnlẹ̀. Wọ́n la unú mi ní Adó kí a tó wá, ojú rẹ̀ ti ń là, ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe. Ìjọba ò rán ẹnì kankan wá síbí. Ọmọ mi ló gba ubẹ̀ yìí fún mi pé kí n wá sinmi."

Kò pariwo. Bó ṣe máa ń ṣàlàyé ìṣirò fún ọmọ ilé-ìwé ló ṣe sọ ọ́. Dáraọlá ká ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó ní, "Mo gbé! Èmi ló kúnlẹ̀ fún!" Àwọn obìnrin kan ti ń pòṣé.

"Ezekiel," bàbá ní, "òótọ́ ni?"

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn obìnrin..."

"Ùwọ, òótọ́ ni?"

Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti gbọ́ kí ẹnì kan pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ká apá agbádá rẹ̀ sórí èjìká. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Bàbá ò bi í ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n ní kí Dáraọlá sáré gbé mọ́tò, kó lọ wá dókítà wá láti Àgbádárìgì, kó má padà wá lọ́wọ́ òfo. Dáraọlá ti lọ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Wọ́n wá ṣí fìlà, wọ́n fi ọ̀pá ti ara wọn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi jókòó sórí yanrìn tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀gbọ́n mi.

"Má dìde o, ìyàwó mi," wọ́n ní. "Àwa la jẹ ọ́ ní ẹ̀bẹ̀."

Nígbà tí àgbà ti jókòó sílẹ̀, ta ló máa dúró? Gbogbo wọn jókòó, pẹ̀lú léèsì, pẹ̀lú gèlè, omi ń kan ẹsẹ̀ wọn. Rachael wá ga ju gbogbo wọn lọ lórí àga kékeré rẹ̀. Ezekiel nìkan ló ṣẹ́kù lórí ìdúró, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

"Ùwọ," bàbá ní, "lọ bu omi wá fún ìyàwó ẹ."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń retí kí ẹnì kan dìde gba iṣẹ́ náà ṣe. Gbogbo àwọn tó ti ń bẹ̀ ẹ́ fún iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbé ìdí. Ó lọ. A jókòó, a ń wò ó bó ṣe ń lọ, tó ń di agbádá mú. Ó pẹ́ kó tó padà. Ó gbé ife omi náà lọ́wọ́ méjèèjì, ó dé iwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó bẹ̀rẹ̀, ìgbì omi sì gbá a lẹ́sẹ̀ débi pé orúnkún rẹ̀ kan kanlẹ̀.

Rachael wo ife náà, ó wo ojú rẹ̀. Kò na ọwọ́.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí, Bàbá Ẹniọlá," ó ní. "Ẹ máa lọ sinmi, bí ìjọba ṣe ní kí ẹ wá sinmi."

Ó sì yí ojú padà sí òkun.